Ìtọ́jú Fáìlì Olùkọ́: Ìlànà Ìwádìí sí SSD tí ó ń ṣe Ségesège lórí Kọ̀ǹpútà Linux

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni bí olùkọ́ ṣe lè mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ìfipamọ́ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní SSD, nígbà tí ẹ̀rọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ irin àti wáyà. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Láyé àtijọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni olùkọ́ ń kó ètò ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò àti ìwé máàkì sí. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Ibẹ̀ náà ni ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ wà: oríkì orílẹ̀, ẹkún ìyàwó, ìjálá, ìtàn ìlú. Bí ìbéèrè ìdánwò bá sọnù, a lè ṣe òmíràn. Bí ohùn ìyá àgbà tí ó ti dolóògbé bá sọnù, níbo ni a ó ti rí òmíràn gbà?

Agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a fi ṣe òdiwọ̀n àlàyé wa. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ náà. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìgàndó, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń pàdé lára kọ̀ǹpútà olùkọ́. Èkíní, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, tí a rà ní ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á níbẹ̀. Èkejì, iná ọba kì í dúró pẹ́, jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ni ó ń gbà á sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, agbára àwọn kọ̀ǹpútà àgbà wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé Windows tuntun mọ́, nítorí náà àwọn kan ti gbé Linux sí i.

Linux ni ètò ìṣiṣẹ́ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland. Ọ̀fẹ́ ni. Ìlànà kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú rẹ̀ tí a lè yàn láìfi kọ́bọ̀ ra ohunkóhun. Àǹfààní mìíràn tí ó ní ni pé kì í fi ẹ̀dùn rẹ̀ pamọ́: bí nǹkan bá ń ṣe é, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a mọ ibi tí ó kọ ọ́ sí àti bí a ṣe ń kà á.

2.0 Bí SSD ṣe ń ṣiṣẹ́

Háàdì-díìsìkì àtijọ́ ní àwo tí ń yí bí àwo giramafóònù, ó sì ní apá kan tí ń ka ohun tí ó wà lójú àwo náà. Bí ó bá fẹ́ kú, ó sábà máa ń ké tẹ́lẹ̀. SSD kò ní ohun kan tí ń yí nínú. Ìdí nìyí tí kì í fi í pariwo kí ó tó kú. Inú àwọn yàrá tín-ín-tìn-tín tí ń dá agbára iná dúró ni ó ń kó ọ̀rọ̀ sí. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ni ó ṣe àwárí irú àwọn yàrá bẹ́ẹ̀. Ní 1987 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú èyí tí a ń lò jù lọ nínú SSD lónìí, tí wọ́n ń pè ní NAND, jáde fún aráyé.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa àwọn yàrá wọ̀nyí:

(i) Wọ́n ń gbó. Ẹ wo ojú ewé ìwé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nǹkan sí tí ó sì ń fi rọ́bà pa á rẹ́. Bí ó bá pa á rẹ́ títí, ewé náà yóò ya. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá SSD rí: iye ìgbà tí a lè pa á rẹ́ ní òpin.

(ii) A kò lè kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí. A ní láti kọ́kọ́ pa odidi agbo yàrá kan rẹ́ ná. Nítorí èyí, SSD máa ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ibòmíràn tí ó ṣófo, yóò sì máa pín iṣẹ́ náà kiri kí agbo kan má baà gbó ju èkejì lọ.

(iii) Nítorí pé ọ̀rọ̀ ń ṣí kiri, SSD ní láti ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Bí ìwé náà bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè tọ́ka sí i. Ó dà bí ìgbà tí réjísítà kíláàsì jóná tí olùkọ́ tuntun sì dé: àwọn ọmọ jókòó, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò mọ èwo ni èwo.

Ètò tí ó ń bójú tó gbogbo èyí wà nínú SSD fúnra rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní firmware. Ètò àbínibí ni a ó máa pè é nínú bébà yìí, nítorí pé láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni ó ti bá a wá.

3.0 Àwọn ohun tí ó ń mú SSD ṣe ségesège

Àmì tí olùkọ́ máa ń rí kò ju mélòó kan lọ. Kọ̀ǹpútà lè dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó tún máa lọ. Ó lè kọ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́, tí yóò sọ pé kíkà nìkan ni ó kù. Fáìlì lè kọ̀ láti ṣí. Nígbà mìíràn, bí a bá tan kọ̀ǹpútà, kò ní mọ̀ pé òun ní SSD rárá. Bí a bá pa á tí a tún tàn án, yóò tún mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé, nígbà tí ó bá ti padà bọ̀ sípò, a ó ní ó ti tán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ ní ó ń pọ́n.

Àmì kan náà lè ti inú okùnfà márùn-ún wá:

3.1 Iná tí ń lọ lójijì. Bí iná bá lọ nígbà tí SSD ń tún ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ, ìwé náà lè dàrú. Ní 2013, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio àti ibi ìwádìí HP ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti ń já iná mọ́ SSD 15 lójú léraléra. 13 nínú wọn ni ó ṣe àṣìṣe kan tàbí òmíràn. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára kò ní ìṣòro yìí púpọ̀, nítorí pé bátìrì yóò gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí ó jẹ́ pé orí ṣájà nìkan ni ó ń gbé, lè kú lójijì lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ kan ṣoṣo: nígbà tí iná ọba lọ, àti nígbà tí a ń yí padà láti orí jẹnẹrétọ̀ sí iná ọba.

3.2 Wáyà àti ojúhò. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wáyà SATA ni ó so SSD mọ́ pátákó ìyá. Bí wáyà náà bá dẹ̀ tàbí tí eruku bá wọ ojúhò rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò máa dàrú lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe SSD.

3.3 Ètò àbínibí tí ó ní àléébù. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Crucial gbé àtúnṣe jáde fún SSD rẹ̀ tí a ń pè ní m4, nítorí pé bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 5,184, ó máa ń dákẹ́ lójijì. Bí a bá tún un tàn, kò ju bí wákàtí kan lọ tí yóò tún dákẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ HPE kìlọ̀ pé àwọn SSD kan tí ó wà nínú ẹ̀rọ òun yóò kú pátápátá bí wọ́n bá pé wákàtí 32,768, èyí tí í ṣe ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí a rà tí a sì tàn ní ọjọ́ kan náà yóò kú ní wákàtí kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi méjì ṣe ẹ̀dà fún ara wọn lè pàdánù méjèèjì.

3.4 Oorun tí SSD ń sùn láti ṣọ́ iná. Láti 2017, pẹ̀lú ẹ̀dà 4.11, ni kernel, èyí tí a lè pè ní ọpọlọ Linux, ti ń jẹ́ kí SSD irú NVMe sùn lọ nígbà tí kò bá sí iṣẹ́. Àwọn SSD kan wà tí wọn kì í tètè jí. Bí ọpọlọ Linux bá pè wọ́n tí wọn kò dáhùn, yóò gbà pé wọ́n ti kú.

3.5 Ayédèrú. Àwọn kan ń ta SSD tí ó ń pe ara rẹ̀ ní 1 TB nígbà tí ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Yóò ṣiṣẹ́ dáadáa títí ààyè gidi yóò fi kún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tuntun yóò máa ṣègbé. Ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ f3 wà lórí Linux fún ìdánwò ìwọ̀n gidi. Kí a ṣe ìdánwò náà ní ọjọ́ tí a rà á, nígbà tí kò ì sí ohun kan lórí rẹ̀.

4.0 Ìgbésẹ̀ ìwádìí

4.1 Ẹ kó fáìlì yọ ṣáájú ohun gbogbo. Ìwádìí kò gbọdọ̀ ṣáájú ìgbàlà. Bí SSD bá ṣì ń ṣí, kí a da àwọn fáìlì tí kò ní ẹ̀dà mìíràn kọ sí orí ẹ̀rọ ìfipamọ́ mìíràn: ohùn àwọn àgbà kọ́kọ́, máàkì tẹ̀ lé e, ohun tí a lè tún ṣe ni kí ó gbẹ̀yìn. Bí kò bá ṣí dáadáa, kí a má ṣe fi agbára ṣí i léraléra. Kí a fi Linux tí ó wà lórí fílaàṣì tan kọ̀ǹpútà náà, kí a sì lo ètò ddrescue. Ètò yìí máa ń kọ́kọ́ kó ibi tí ó rọrùn, yóò sì padà sí ibi tí ó le nígbẹ̀yìn. Àṣẹ rẹ̀ nìyí:

sudo ddrescue /dev/sda aworan.img aworan.map

Àwòrán náà gbọ́dọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tí ààyè rẹ̀ tó, kì í ṣe orí èyí tí ń ṣàìsàn. Kí a sì kọ́kọ́ fi àṣẹ lsblk wò ó bóyá SSD wa ni sda lóòótọ́, nítorí pé orúkọ náà lè yàtọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

4.2 Ẹ gbọ́ ohun tí ọpọlọ Linux sọ. Àṣẹ tí a ó tẹ̀ ni:

sudo journalctl -k

Kí a wá ìlà tí orúkọ SSD wa wà nínú rẹ̀. Bí a bá rí I/O error, ó túmọ̀ sí pé a bèèrè ọ̀rọ̀ kan, a kò rí i gbà. Bí a bá rí hard resetting link lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà láàrin kọ̀ǹpútà àti SSD ń já. Kí a fura sí wáyà. Bí ó bá jẹ́ NVMe tí a sì rí controller is down, kí a fura sí oorun tí a mẹ́nu bà ní 3.4. Bí a bá rí Remounting filesystem read-only, Linux ti rí àṣìṣe, ó sì ti ti ilẹ̀kùn ìkọ̀wé kí ọ̀rọ̀ má baà burú sí i. Kí a má bínú sí i. Ààbò ni ó ń ṣe.

Ohun kan wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú: wọ́n wo ìwé yìí lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ìdí ni pé orí SSD yẹn gan-an ni ìwé náà wà. Ẹni tí ó ń dákú kò lè kọ ìròyìn ìdákú ara rẹ̀. Bí a bá fi Linux orí fílaàṣì tan ẹ̀rọ náà, ìwé yóò wà níbòmíràn, a ó sì rí ohun gbogbo kà.

4.3 Ẹ ka ìwé àyẹ̀wò ara rẹ̀. SSD máa ń ṣe àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ètò smartmontools ni a fi ń kà á:

sudo smartctl -a /dev/sda

Lára ohun tí a ó wò ni ìwọ̀nyí:

(i) Power_On_Hours: iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́. Bí ẹni tí ó tà á bá ní tuntun ni, tí ibẹ̀ sì ń sọ 20,000, a ti mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni.
(ii) Reallocated_Sector_Ct: iye ibi tí ó ti bàjẹ́ tí ó ti fi àfipamọ́ dípò. Díẹ̀ tí kò pọ̀ sí i kì í ṣe ẹ̀rù. Èyí tí ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ni ẹ̀rù.
(iii) UDMA_CRC_Error_Count: iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ dàrú lójú ọ̀nà. Bí èyí bá ń gòkè tí (ii) sì dúró sójú kan, wáyà ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀.
(iv) Lórí NVMe, Percentage Used ń sọ bí ó ti gbó tó, Media and Data Integrity Errors ń sọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, Unsafe Shutdowns sì ń sọ iye ìgbà tí iná ti já mọ́ ọn lójú. Ní agbègbè bí Alímọ̀ṣọ́, ìlà ìkẹyìn yìí kò ṣeé fojú fò.

Kí a kọ àwọn iye náà sínú ìwé pẹ̀lú déètì, kí a sì tún kà wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Iye kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. Ìyàtọ̀ láàrin méjì ni ó ń sọ̀rọ̀. Bákan náà, ọ̀rọ̀ PASSED tí a bá rí níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ dá. Ó dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba máàkì 40: ó yege, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí a máa wò ó.

4.4 Ẹ yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wáyà, tí ó yí ojúhò padà, tí ó sì tún gbé Linux tuntun sí i ní ọjọ́ kan náà kò ní mọ èyí tí ó wo àìsàn náà sàn. Ìlànà tí a dábàá nìyí: kí a yọ SSD, kí a nu ojúhò, kí a tún fi í sí i, lẹ́yìn náà kí a pààrọ̀ wáyà, lẹ́yìn náà kí a gbé SSD náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí àìsàn bá bá a lọ, inú SSD ni ó wà. Bí àìsàn bá dúró sí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, SSD kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fún NVMe, a lè fi ìlà yìí kún àṣẹ ìtanná Linux kí SSD má baà sùn mọ́:

nvme_core.default_ps_max_latency_us=0

Bí ségesège bá dópin lẹ́yìn èyí, a ti mọ okùnfà rẹ̀. Àtúnṣe ètò àbínibí náà wà. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan, àṣẹ fwupdmgr lè gbé e wọlé láti inú Linux. Kí a má ṣe é láìkọ́kọ́ kó fáìlì yọ, kí a má sì ṣe é nígbà tí iná kò dá wa lójú.

4.5 Ẹ tún ètò fáìlì ṣe nígbẹ̀yìn. Àṣẹ e2fsck -f ń tún ètò ext4 tò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń tò ó ni ó ń kọ ọ́, ó sì lè gé ohun tí kò yé e dànù. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a bá ti ní ẹ̀dà ni a ń lò ó, lórí ibi tí a ti tú sílẹ̀, kì í ṣe lórí èyí tí a ń lò lọ́wọ́.

5.0 Ẹjọ́ Algolia: ìkìlọ̀ fún olùwádìí

Ní 2015, ilé-iṣẹ́ Algolia, tí ń ṣe ètò ìwá-nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rí i pé àwọn fáìlì kan lórí ẹ̀rọ Linux wọn ń bàjẹ́: òdo ni ó ń gba ipò ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú wọn. Wọ́n wádìí títí, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ TRIM, ìyẹn àṣẹ tí Linux fi ń sọ fún SSD pé fáìlì kan ti di àparẹ́, kí ó lè gba ààyè rẹ̀. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé lórí irú àwọn SSD Samsung kan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n kéde ní oṣù kẹfà ọdún náà pé àwọn SSD wọ̀nyẹn ni ó ní àléébù. Samsung náà wádìí tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ni pé inú ọpọlọ Linux fúnra rẹ̀ ni àléébù wà, níbi tí ó ti ń pín àṣẹ TRIM láàrin àwọn SSD tí a so pọ̀. Wọ́n kọ àtúnṣe rẹ̀, Algolia sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní gbangba.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó máa ń wáyé lára nǹkan kan kò fi dandan túmọ̀ sí pé nǹkan náà ni ó fà á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ bá lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ rọra kí ó tó fi owó oṣù ra SSD tuntun nítorí wáyà kékeré kan.

6.0 Ìtọ́jú ohun tí kò ní ẹlẹ́ẹ̀kejì

Kò sí SSD tí kì í kú. Nítorí náà, ìwádìí kò lè dípò ẹ̀dà. Ìlànà tí a fi ọwọ́ sọ̀yà lé ni ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí háàdì-díìsìkì tí a ń yọ, ọ̀kan ní ilé mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Háàdì-díìsìkì tí ń yí ni a dárúkọ fún èkejì, nítorí pé SSD kì í ṣe àpótí tí a ń kó nǹkan sí tí a sì ń gbàgbé rẹ̀. Òṣùwọ̀n JEDEC, tí àwọn tí ń ṣe SSD ń tẹ̀ lé, béèrè pé kí SSD olùlò lásán tí ó ti gbó dé òpin rẹ̀ lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún kan láìsí iná, nínú ooru tí kò ju ìwọ̀n 30 Celsius lọ. Bí ooru bá pọ̀ sí i, àkókò náà yóò dín kù. Olúkúlùkù mọ bí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ páànù ṣe máa ń gbóná ní oṣù kẹta.

Lẹ́yìn tí a bá da fáìlì kọ, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ sha256sum máa ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Bí àmì fáìlì àti ti ẹ̀dà rẹ̀ bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ inú wọn dọ́gba. Fún àwa tí a ń fi ààmì ohùn kọ orúkọ fáìlì, ó tún ku ohun kan: kọ̀ǹpútà lè kọ ẹ́ ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ, bóyá kí àmì abẹ́ ti wà lára lẹ́tà tẹ́lẹ̀, tàbí kí a fi í kún un lẹ́yìn. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Linux, orúkọ méjì ni. Nítorí náà, bí ó bá dà bí ẹni pé fáìlì ìjálá kan ti sọnù, kí a wò ó bóyá orúkọ ni ó yàtọ̀ kí a tó di ẹ̀bi ru SSD.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú bébà yìí, a ti ṣàlàyé bí SSD ṣe ń ṣiṣẹ́, okùnfà márùn-ún tí ó lè mú un ṣe ségesège, àti ìgbésẹ̀ tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí a tẹnu mọ́ jù lọ ni ètò tí ó yẹ kí wọ́n gbà tẹ̀ léra: ìgbàlà fáìlì, kíka àkọsílẹ̀, ìyípadà ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìdájọ́. Ìlànà kan náà ni a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀, nítorí náà kò ṣe àjèjì sí wa. A dábàá pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan ra háàdì-díìsìkì kan tí gbogbo olùkọ́ agbègbè náà yóò máa da ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ sí ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí a sì yan ẹni méjì tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn àgbà tí ó fún wa ní ohùn wọn kò béèrè owó lọ́wọ́ wa. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé a ó pa á mọ́.